Mo Fi Ìkíni Ṣe Pàṣán

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì gbé mi dé iwájú ìjọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo ti mọ̀ yín. Ẹni tí orí fọ́ lánàá tó sàn lónìí, ẹ ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí ewúrẹ́ ẹ̀ sọnù tó lọ bá a ní Bẹẹrẹ, ẹ ó jó yí i ká. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi tán ná, kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ máa fọwọ́ yín ṣe.

Ẹ mọ̀ pé a ò bí mi sínú ìjọ Aládùúrà. Ṣọ́ọ̀ṣì onídùùrù ni wọ́n ti sàmì fún mi ní kékeré, Òkè Bọ́lá sì ni mò ń gbé. Nígbà kan, bí mo bá ń kọjá ní Bẹ́yẹrúnkà níbí, tí mo gbọ́ agogo yín àti igbe yín, ṣe ni mo máa ń yára ẹsẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé àwọn aláṣọ funfun yìí àtẹni tó ń bọ Ògún, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ foríjì mí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe. Nígbà tí ìjọba gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, tí wọ́n ń wá tíṣà lójú méjèèjì, wọ́n gbé mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ tíṣà. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi mí ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oúnjẹ àti ibùsùn nìkan. Pírínsípà wa, obìnrin òyìnbó kan tí orí ẹ̀ ti funfun, pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ní ọkàn àwọn ọmọ náà wà lọ́wọ́ mi, kí n tọ́ wọn dàgbà nínú Krístì, kí n sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé pọ̀ bí ọmọ ilé kan. Inú mi dùn gan-an. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Mo sì ṣiṣẹ́ o! Mo pín àwọn ọmọ sí ìdílé-ìdílé, mẹ́jọ mẹ́jọ, ọmọ tó dàgbà jù ń ṣe ìyá fáwọn tó kù. Bí agogo àárọ̀ bá ti dún, kálukú á gbé Bíbélì, ariwo á pa. Lọ́jọ́ Sátidé, a jọ ń gé koríko. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, mo máa ń kó wọn lọ sí ọsibítù ìgbẹ̀bí ní Yemetu, wọ́n á kọrin fáwọn ìyá ọmọ tuntun. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Oǹdó, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Mo ní ìwé kan tí mò ń pè ní Ìwé Ọkàn. Orúkọ gbogbo wọn wà níbẹ̀, mo sì ń kọ bí ẹ̀mí wọn ti rí síwájú ẹ̀. "Ó ń dàgbà." "Ó tutù." "Ó ń ṣiyèméjì." Ẹ ò rí nǹkan? Èmi, ẹni ẹlẹ́ran ara, mò ń fi yíǹkì pupa máàkì ọkàn ọmọlọ́mọ!

Àṣà kan wà tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà lẹ́yìn pátápátá nínú ilé àdúrà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ tó bá dẹ́ṣẹ̀ tí kò fẹ́ jẹ́wọ́, ibẹ̀ ló máa jókòó. Látìgbà tó bá ti jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí i mọ́. Bó bá kí èèyàn, wọn ò gbọdọ̀ dá a lóhùn, títí dọjọ́ tó máa dìde láàárín gbogbo wa, tó máa jẹ́wọ́. Mi ò na ọmọ rí. Mo sì fi ń yangàn. Mo ní àwọn tíṣà tó kù ń lo pàṣán, ìfẹ́ lèmi ń lò. Mo rí ẹsẹ Bíbélì tì í lẹ́yìn pẹ̀lú, torí ẹni tó bá ń wá ẹsẹ kò ní ṣàì rí.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń gbálẹ̀, a ó kí i. Ẹni tó ń dirun, a ó kí i. Ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, a ó ní ẹ kú ìjókòó. Òjò rọ̀, a kí ara wa. Oòrùn mú, a kí ara wa. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá fi gbogbo èyí dù, kí ló kù fún un? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí mo mọ̀ ni mo ṣe yàn án. Èyí tó lórí kunkun jù nínú wọn, ọjọ́ kejì ló máa sunkún jẹ́wọ́, ìgbà míì wà tó jẹ́ ohun tí kò ṣe rárá ló máa jẹ́wọ́. Èmi á sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, "Ó ń dàgbà."

Àfi Àdùkẹ́.

Ọmọ aláró ni Àdùkẹ́, ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì. Ìyá ẹ̀ ló jókòó lápá ọ̀tún yẹn tó fi gèlè bojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó mọ̀wé, òun ló máa ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ìṣirò tó bá le jù fún wọn. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n ṣe ìdánwò àṣekágbá, kí wọ́n gba sàtífíkéètì, kó di tíṣà. Ní Sátidé kan, mò ń yẹ àpótí àwọn ọmọ wò bí ìṣe mi, mo bá ìgò kan lábẹ́ aṣọ ẹ̀. Omi ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àgbélébùú kékeré, wọ́n so ó mọ́ ìgò náà lọ́rùn. Ẹ̀yin rí i, ẹ mọ̀ ọ́n. Ojú tèmi, màrìwò Ògún ló rí. Èmi tí mo máa ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ kan náà kọrin yípo Mápó nígbà tí Àjíǹde bá ku ọ̀sẹ̀ kan!

"Àdùkẹ́, kí lèyí?"

"Omi àdúrà ni, mà. Inú ló máa ń run mí. Ìyá mi ní kí n máa mu ún."

"Òrìṣà wo ló ni ín?"

"Kì í ṣe ti òrìṣà, mà. Sáàmù ni wọ́n kà sí i."

Mo gbé ìgò náà síta, mo dà á sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo ní tó bá di àdúrà àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó dìde, kó ní òun bọ òrìṣà, òun sì ti ronú pìwà dà. Ilẹ̀ mọ́, a kọrin, a dákẹ́ dè é. Kò dìde. Mo nawọ́ sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi kó tó lọ jókòó.

"Ẹ ṣàánú mi, mà. Bí mo bá ní òrìṣà ni, mo parọ́ mọ́ ìyá mi, mo sì parọ́ fún Ọlọ́run."

Ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ ọdún méjìdínlógún sọ! Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wá ọmọ kan tí ẹ̀mí ẹ̀ máa dàgbà tó báyẹn. Ó dé, kò yé mi. "Olóríkunkun" ni mo kọ síwájú orúkọ ẹ̀.

Láràárọ̀ ni Àdùkẹ́ ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Èmi á wo òkè orí ẹ̀ kọjá, bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, torí ẹnikẹ́ni ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ rí lórí bẹ́ńṣì yẹn. Wọ́n wá fi tó mi létí pé ọmọ kan sọ fún un ní ìdí ẹ̀rọ omi pé, "Pẹ̀lẹ́." Mo ní kí èyí náà lọ jókòó tì í. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbìyànjú ẹ̀ mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, Àdùkẹ́ ò kí mi mọ́. Ó ń kọjá lára mi ni, ó nàró gangan. Mo ní, "Ẹ wo ìgbéraga!" Mi ò mọ̀ pé ọmọ náà ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé inú rírun yẹn dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tí ẹnì kankan ò bi í léèrè pé ara ńkọ́. Ta ló máa bi í? Mo ti ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń gbé bí ọmọ ilé kan!

Ní àárọ̀ Wẹ́sìdé kan, a ń kọrin ìyìn lọ́wọ́, Àdùkẹ́ gbé àpótí ẹ̀ rù, ó jáde ní géètì. Pírínsípà bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi lọ, mà." Òótọ́ ni, kì í ṣe irọ́. Èṣù ò lè sọ ọ́ kó dán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣí Ìwé Ọkàn, mo kọ "Ó padà sẹ́yìn," mo fi rúlà fa ìlà gba orí orúkọ ẹ̀. Ìlà náà gún régé. Wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n gba sàtífíkéètì, wọ́n di tíṣà, àwọn tó kọ́ ní ìṣirò.

Ìgbà yẹn ni ìyọnu tèmi bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè gbàdúrà mọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́: ẹnu mi ń gbà á. Mò ń ṣáájú àdúrà láràárọ̀, àwọn ọmọ ń ṣe àmín, àwọn àlejò ní àdúrà mi ń wọni lára. Ṣùgbọ́n bó bá ku èmi nìkan, tí mo ní "Baba," mi ò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó rí bíi kéèyàn máa kanlẹ̀kùn ilé táwọn onílé ti kó kúrò. Mo gbààwẹ̀. Mo lọ bá àlùfáà wa, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́rùn mi, kí n sinmi. Mo sinmi, mo sanra, àdúrà ò wá. Ọdún mẹ́rin, ẹ̀yin ará! Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ tí èmi ò rí jẹ.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì láti ra àdìrẹ tí a máa fi ṣe kọ́tìnnì sí ilé àdúrà. Mo wọ agboolé kan, mo bá obìnrin kan nídìí ìkòkò aró, apá ẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó tún tẹrí ba, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn jókòó níbẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ pé mo kí i, gbogbo wọn rí i pé kò dáhùn. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Àkókò yẹn ni mo mọ̀ pé Àdùkẹ́ ni.

Ìyá ẹ̀ jáde, ó ní, "Àdùkẹ́, ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n ń kí ẹ ni?" Ó yíjú sí mi. "Ẹ má bínú, mà. Ara ẹ̀ ni ò dá."

Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo retí kó bú mi, kó gbá mi létí. Obìnrin yìí wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó jáde, ó fi etí aṣọ ẹ̀ nù ún, ó ní kí n jókòó. Ìbá sàn kó gbá mi létí.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni mátírọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ bá mi túmọ̀ ẹ̀: kí lẹ fi ọmọ mi ṣe? Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tó délé, 'ẹ̀n-ẹ́n' àti 'rárá' la ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Bá a bá kí i, á máa wò wá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tàn jẹ. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ kí i títí, ó sú u, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé àdúrà, ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ti mọ ohun tó wà nílé Ọlọ́run. Kò wọ ibẹ̀ dòní."

Mo sọ ti ìgò omi náà fún un. Ó ní, "Omi yẹn, mà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ lé e lórí."

Ará, mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Pírínsípà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba Àdùkẹ́ padà. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, àyè ẹ̀ ti kún, òun náà sì ti dàgbà jù. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọdún parí. Wọ́n fún mi ní Bíbélì aláwọ ńlá, wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé mo jẹ́ ìyá fún ọkàn púpọ̀. Ẹ gbà mí!

Mo bi Ìyá Àdùkẹ́ bóyá kí n wá kúnlẹ̀ bẹ ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ má tíì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ máa rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ẹ kọ́ ọ pé kó máa kíni kí wọ́n má dá a lóhùn. Ẹ wá máa kí òun náà."

Mò ń lọ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Mo máa ń rìn láti Òkè Bọ́lá, mo máa kúnlẹ̀ ní tòsí ìkòkò aró, èmi tí mo tó ìyá ẹ̀, mo máa ní, "Ẹ káàárọ̀." Kò ní dáhùn. Mo máa dìde, mo máa lọ. Àwọn ará agboolé ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Ẹ-káàárọ̀ ti dé o! Ìyá, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, bóyá aró ti dí i létí!" Mo gbà á, ó tọ́ sí mi. Ní Sátidé kẹta tàbí ìkẹrin, mò ń padà bọ̀ lọ́nà Ọjà'ba, nínú èrò, ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Baba, jẹ́ kó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Mo sì mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Láàárín àwọn alárù, níbi tí wọ́n ti ń ní kí n yà lọ́nà! Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin! Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tẹ̀ lé Ìyá Àdùkẹ́ wá síbí, ẹ sì gbà mí, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gba àdúrà kan yẹn. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì. Mi ò ní kó fẹ́ràn mi. Mo ní kó dá mi lóhùn.

Sátidé tó kọjá yìí, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀." Àdùkẹ́ ń fún aṣọ lọ́wọ́. Ó fi sílẹ̀. Ó wò mí lójú.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Mo bú sẹ́kún. Mo fẹ́ dìde dì mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ síwájú báyìí, ó dá mi dúró.

"Mo ti dá yín lóhùn, mà. Ẹ má wá mọ́."

Ó kó aṣọ ẹ̀, ó wọlé.

Ẹ̀rí mi nìyẹn. Ohun tí mo tọrọ gan-an ni Ọlọ́run fún mi, kò dín, kò lé. Ó dá ohùn ọmọ yẹn padà, ó dá àdúrà padà sí mi lẹ́nu. Ẹ bá mi yọ̀, torí Àdùkẹ́ ti lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kò sì fi irọ́ kún un, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ̀ láti parọ́ lọ́jọ́ tí mo ní kó lọ jókòó lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pàtẹ́wọ́, òun ni kẹ́ ẹ pa á fún, bí kò tilẹ̀ sí níbí, tí kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ògo ni fún Olúwa. Sátidé mìíràn ń bọ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà, kí n lè jókòó sílé.